B.A. Nínú Ìṣirò

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 2016, Alàgbà Adébíyì wa ọkọ̀ jáde láti ilé rẹ̀ ní Kabusa l'Àbújá, ó forí lé ṣọ́ọ̀ṣì. Kíkẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í níwájú. Ọdún méjì lọmọ náà ti wà ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà. Ó wálé ìsinmi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò padà.

Ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń gbàdúrà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sílé ẹ̀kọ́. Ẹ ẹ̀ tíì rí irú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á bọ́ síwájú, á gba máíkì, á dárúkọ ohun tó ń kọ́. Pásítọ̀ á fún un lóyè lójú ẹsẹ̀: "Dókítà!" Gbogbo ìjọ á sì ké "Àmín!" títí òrùlé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Bàbá ọmọ náà á wá máa tún agbádá ṣe léjìká, bí ẹni pé òun gan-an ló jókòó ìdánwò. Láti ọjọ́ tí Kíkẹ́ ti wọ bààlúù ni Alàgbà ti ń dúró de Àmín tirẹ̀.

Wọn ò rìn jìnnà tí agbo màlúù kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì. Alàgbà na ọwọ́ sí darandaran náà, ó kí i ní Haúsá, "Sànnu," ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ó yá, ká dán an wò. Èmi ni pásítọ̀. 'Ọmọ wa, kí lò ń kọ́?'"

"Ìṣirò, sà."

"Má sọ ọ́ bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Gbóhùn sókè! B.Sc. Ìṣirò!"

"B.A. ni, Dádì."

Ọkọ̀ ti fẹ́ máa lọ díẹ̀díẹ̀. Alàgbà tún tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà lẹ́yìn tẹ hóònù títí.

"B.A. kẹ̀? B.A. tàwọn tó ń ka ìtàn àti eré orí ìtàgé? Báwo ni ìṣirò ṣe débẹ̀? Ta ló ṣẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-ìwé wa nìyẹn. Liberal arts ni. Èèyàn á fi ẹ̀kọ́ kan ṣe olórí, á sì tọ́ àwọn yòókù wò."

"Ọbẹ̀ ni, tí wọ́n ń tọ́ ọ wò? Kí lo tọ́ wò ní táàmù tó kọjá?"

"Fìlọ́sọ́fì. Ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá. Àti ìkòkò mímọ."

"Ìkòkò!" Alàgbà gbá sítíárìn. "Ìwọ ọmọ Adébíyì fò kọjá òkun, o lọ ń mọ ìkòkò! Ṣé amọ̀ ti tán l'Abaji tó wà nítòsí wa ni?"

"Ìṣirò wà nínú bó ṣe ń yí, sà."

"Ìyá tó bí ìyá mi mọ ìkòkò títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó pè é ní B.A.!"

Kíkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i pé ẹ̀rín ló ń bò, inú sì bí i sí i.

"Ó dáa. Mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́rìnlélógún, mélòó ni?"

Ọmọ ki ọwọ́ bọ báàgì.

"Kí lò ń wá?"

"Fóònù, sà. Kalikuletọ̀ wà lórí ẹ̀."

"Kai! Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò!"

"Dádì, a kì í ṣírò mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kan nọ́ḿbà."

"Ìṣirò tí ò ní nọ́ḿbà? Kí lẹ wá ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́?"

"À ń fẹ̀rí hàn pé nǹkan rí bó ṣe rí. Prúùfù là ń pè é."

"Kí lo fẹ̀rí ẹ̀ hàn kẹ́yìn?"

"Pé tí wọ́n bá so orí okùn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí kò fi gun ara rẹ̀, ó máa ní inú, ó sì máa ní ìta."

"Ta ló ní kò ní i?"

"Kò sẹ́ni tó jiyàn, sà."

"Ewúrẹ́ tó wà nínú ọgbà mọ inú, ó mọ ìta!"

"Ó mọ̀ ọ́n, sà. Kò ní ẹ̀rí ẹ̀ ni."

Alàgbà mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ lu àpò agbádá rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Gbọ́, Kíkẹ́. Páásìpọ́ọ̀tù rẹ rèé. Tó o bá dé ìdí máíkì, ẹnjiníà ni kó o sọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí bààlúù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ibí lo máa jókòó sí, àkáǹtì lo sì máa kà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Kíkẹ́. "Kí n purọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì? Kí ló dé tó jẹ́ ẹnjiníà?"

"Ohun tí mo sọ fún ìjọ nígbà ìkórè nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣé o fẹ́ kójú tì mí ni?"

Kíkẹ́ ń wo ìrù màlúù tó kẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ wá tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

"Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ẹnjiníà ni mí."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ!"

"Àmín. Ṣùgbọ́n Ìyá Japheth pè mí lánàá. Wọ́n ní, 'Dókítà mi, orúnkún ń dùn mí o.'"

Alàgbà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó wa ọkọ̀ lọ.

"Mo bi wọ́n léèrè, sà. Wọ́n ní níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Utako lẹ ti sọ pé iṣẹ́ dókítà ni mò ń kọ́."

Nínú gbogbo Àbújá, yàtọ̀ sí Alàgbà fúnra rẹ̀, Ìyá Japheth nìkan ló ń lọ sípàdé Utako tó tún ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Ó rìnrìn àjò nígbà ìkórè ni, bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé nǹkan.

"Mi ò rántí pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ni Alàgbà wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà. Tí mo bá ní ẹnjiníà ni mí, Ìyá Japheth á yanu. Tí mo bá ní dókítà, gbogbo ìjọ á yanu. Èyí tó wù ká mú, àṣírí tú. A jẹ́ pé ohun tá a fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Prúùfù nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láìsí nọ́ḿbà?"

"Láìsí nọ́ḿbà."

Òógùn bo Alàgbà bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń fẹ́ sí i lójú tó. Ẹ̀rù ń bà á, orí rẹ̀ sì tún ń wú. Látìgbà tó ti bímọ, kò tíì sẹ́ni tó fi sùúrù de ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí.

"Wá ọ̀nà àbáyọ fún mi. Èmi ni mo bí ẹ."

"Òótọ́ ló kù, sà. Mo máa sọ pé B.A. Ìṣirò ni mò ń kà, àti pé nílé-ìwé wa mo kọ́ ti ara èèyàn, mo kọ́ ti afárá. Ìyá Japheth á gbọ́ ti ara, ìjọ á gbọ́ ti afárá. Kálukú á rí tiẹ̀ mú."

"Gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ òótọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá, sà."

Alàgbà bú sẹ́rìn-ín, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà.

"Kí ló dé tó ò tètè sọ pé bó ṣe gbòòrò tó nìyí? Ẹ̀kọ́ tó gba irọ́ méjì mọ́ra! Ìṣirò ni kó o kà, ọmọ mi. B.A. ni kó o gbà. Kódà, máa mọ ìkòkò!"

Wọ́n wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà fa páásìpọ́ọ̀tù yọ, ó nà án sí i. Kíkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì," ó fà á, ṣùgbọ́n bàbá kò jù ú sílẹ̀. Ọkọ̀ dúdú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń wò.

"Kíkẹ́, ṣé o ti tọ́ lọ́ọ̀ wò?"

"Rárá, sà. Kí ló dé?"

"Tètè wá nǹkan fi kún un. Ọ̀gá mi ní mínísírì ló ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn. Èmi ni mo pè é wá, lọ́yà ni mo sì sọ fún òun."