Dígí Wà Nílé, Lára Ilẹ̀kùn

Bí mo bá tiẹ̀ lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo wa jíìpù láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo rò pé gbogbo ẹni tó ń juwọ́ sí mi lójú ọ̀nà ń kí mi kú oríire ni. Mo juwọ́ padà sí wọn. Mo tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń du ipò gómìnà.

Táìsì ilẹ̀ ni mo ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi sì ni àkọ́bí Bàámi. Ìdílé elẹ́ṣin ni wá. Ẹni tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìdílé wa máa ń gun ẹṣin lọ kí Kábíyèsí, ẹni tó bá sì wà lórí ẹṣin iwájú ni gbogbo ìlú fi ń mọ̀ wá. Bàámi ló ti ń wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé àwọn ò ní gùn ún mọ́. Wọn ò tíì dárúkọ ẹni tó máa gba ipò wọn. Lọ́kàn tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Lóòótọ́, àbúrò mi obìnrin, Ràṣídá, tó jẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mọ ẹṣin gùn ju gbogbo wa lọ, òun ló sì máa ń wẹ̀ ẹ́ tó máa ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èmi ni ọkùnrin, èmi sì ni àgbà. Mo ti sọ fún un pé kó kàn máa pàtẹ́wọ́ fún wa ni tiẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, Bàámi pè mí. Gàárì wọn wà lọ́dọ̀ bàbá oníṣẹ́ awọ kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ń bá wọn tún un rán. Bàbá tó bí Bàámi ló kọ́kọ́ jókòó lé gàárì yẹn. Bàámi ní, “Lọ bá mi gbé e wá. Ìwọ ni mo rán, má rán ẹlòmíràn.” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn, mo ti rí ara mi lórí ẹṣin. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi irú fìlà tí màá dé.

Jíìpù mi kò tíì pé oṣù méjì lọ́wọ́ mi nígbà náà. Tòkunbọ̀ ni, ẹlẹ́sẹ̀ gíga, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà oko àti inú ẹrẹ̀, tí èèyàn lè fi sípánà tú gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò. Mo ti rí àwòrán ọkùnrin kan lórí fóònù tó jókòó sínú irú rẹ̀ láìsí ilẹ̀kùn, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, tí ara tù ú. Ó wù mí. Mo rò ó pé kí ni èrè agbádá dáadáa àti bàtà dáadáa bí ilẹ̀kùn bá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ni mo bá ránṣẹ́ sí Múfú, mẹkáníìkì mi, pé kó wá tú u.

Múfú wo ọkọ̀ náà yípo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ara ilẹ̀kùn ni dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà o. Tí a bá tú u, ẹ ò ní dígí mọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, kí n wá èyí tí mo lè dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú. Òfin ò gbà kí ẹ gbé e jáde bẹ́ẹ̀.” Mo dá a lóhùn pé dígí àárín tó wà nínú ọkọ̀ tó mi í lò, àti pé iwájú ni mò ń lọ, kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀yìn ṣe. Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó tú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tò wọ́n ti ògiri ilé mi, tàwọn ti dígí wọn. Mo wọ agbádá funfun, mo wọlé sọ́kọ̀. Mi ò de bẹ́líìtì nítorí pé ó máa rún agbádá mi.

Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, bàbá oníṣẹ́ awọ kọ́kọ́ bi mí bóyá àwọn olè ló jí ilẹ̀kùn mi lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń wà á nìyẹn. Wọ́n ní ó dáa. A jọ gbé gàárì sórí àga ẹ̀yìn, a gbé ìjánu lé e, a wá ká aṣọ ẹṣin, àrán pupa tó ní fọ́nrán wúrà létí, a gbé òun náà lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹrù yẹn ga tó fi jẹ́ pé bí mo bá wo dígí àárín, àrán pupa nìkan ni mò ń rí. Bàbá mú okùn jáde. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ọ̀nà kò jìn.

Mo ṣí fújì sókè, mo gbéra. Òtítọ́ ni pé ara mi yá gágá. Kòtò àkọ́kọ́ gbé mi sókè, ó sọ mí kalẹ̀, mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn obìnrin kan tó ń sá gbàgúda lẹ́bàá ọ̀nà dìde, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà. Ọlọ́kadà kan sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń la ẹnu, ó ń nàka sẹ́yìn, ṣùgbọ́n fújì kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń wí. Mo rò pé ó ń yin ọkọ̀ mi ni. Mo pariwo sí i pé òun náà á rà á lágbára Ọlọ́run. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó mi orí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí mo yà ní kọ́nà kan pẹ̀lú eré, mo ṣàkíyèsí pé dígí àárín ti ń ríran. Kò sí àrán pupa nínú rẹ̀ mọ́, títì ni mò ń rí kedere. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín jù. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹrù ti jókòó dáadáa. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá láti béèrè ibi tí ohun tó ń dí dígí náà lọ.

Nígbà tó yá, mo rí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan nínú dígí yẹn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú eré àsápajúdé. Obìnrin kan yọ apá jáde nínú rẹ̀, ó ń fi aṣọ pupa kan juwọ́ sókè sísàlẹ̀. Àrán ni aṣọ náà. Mo tiẹ̀ rí i pé ó jọ tiwa. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ìdílé elẹ́ṣin mìíràn náà ti ń múra ọdún, pé kí n má jẹ́ kí wọ́n ṣáájú mi wọ̀lú. Ni mo bá tẹ iná.

A ti ń sún mọ́ Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà kúrò nínú dígí àárín. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì ló wà, ó ń gbìyànjú láti kọjá lára mi, ibi tó jẹ́ pé dígí ẹ̀gbẹ́ nìkan ló lè fi í hàn mí. Kòtò kan wà níwájú mi. Mo yà fún un sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà, láìwo ibì kankan. Mo gbọ́ ohùn kan létí mi báyìí: “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dúró.” Mo yíjú, atẹ́gùn sì gbé apá agbádá mi bò mí lójú. Mi ò rí iwájú, mi ò rí ẹ̀yìn. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo já aṣọ kúrò lójú, jíìpù mi ti fi imú gún òkìtì yanrìn lẹ́bàá títì, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì dúró ní òdìkejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú gọ́tà. Ràṣídá ni ó jókòó sínú rẹ̀. Ó dì mọ́ gàárì Bàámi lórí itan rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ.

Kò sẹ́ni tó farapa. Mo ṣì máa ń dúpẹ́ fún ìyẹn lórí ìrun títí dòní. Ṣùgbọ́n àyà mi já gan-an, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá dojú dé, ọwọ́ mi ni àbúrò mi ìbá kú sí. Ó ti kúrò níléèwé, ó ń lọ sílé ni, tó fi ṣàdédé rí aṣọ ẹṣin wa lórí títì. Ó ní kí onímárúwá dúró, ó ṣà á. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n rí ìjánu. Wọ́n dé kọ́nà, wọ́n rí gàárì nínú koríko. Ẹ̀ẹ̀melòó ló pe fóònù mi, fújì kò jẹ́ kí n gbọ́.

Ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dúró sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin, rọra rìn wá. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó yí ọkọ̀ ká, ó sì bi mí pé, “Sà, dígí ẹ̀gbẹ́ yín ńkọ́?”

Mo ní, “Ó wà nílé, lára ilẹ̀kùn.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kó yé mi pé òfin kò ka ilẹ̀kùn tó wà nílé sí, pé bí mo bá tú ilẹ̀kùn, mo gbọ́dọ̀ wá dígí mìíràn dè mọ́ ara ọkọ̀, ká lè rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó wo agbádá mi, ó wo bẹ́líìtì tó so kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Ọkọ̀ tí ò ní ilẹ̀kùn, sà, bẹ́líìtì nìkan ló kù tó máa dá yín dúró sínú rẹ̀.” Wọ́n kọ ìwé fún mi, wọ́n sì ní ọkọ̀ náà kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá rí dígí lára rẹ̀. Báyìí ni èmi ọlọ́jíìpù ṣe wọ ìlú nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí mo fún ara mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ onímárúwá níwájú, yanrìn lára agbádá mi, Ràṣídá àti gàárì sì gba ẹ̀yìn.

Bàámi wà lórí àga níwájú ilé. Wọ́n gba gàárì náà, wọ́n fọwọ́ pa á yípo, wọ́n rí ibi tí awọ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò pariwo. Wọ́n bi mí pé, “Níbo ló ti bọ́?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi tìkára mi ni, mi ò sì lè sọ ibi tí mo ti pàdánù rẹ̀. Ràṣídá ló dáhùn. Ó sọ ibi tó ti rí aṣọ, ibi tó ti rí ìjánu, àti kọ́nà tí gàárì wà. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kò bú mi, kò tiẹ̀ fẹnu kan kẹ̀kẹ́ tó kó sí gọ́tà. Bàámi gbọ́ ọ tán. Wọ́n gbé gàárì náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ràṣídá, ìwọ ni wàá gùn ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ á bá ẹ di ìjánu mú.”

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Múfú de dígí méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú, kò sì sọ pé òun ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló tún wá dùn mí jù. Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀kùn bá wà, bí kò sí, n ò ní gbé ẹsẹ̀ sórí iná kí n tó wo ọ̀tún kí n wo òsì nínú dígí, agbádá á sì wà lábẹ́ bẹ́líìtì, kó rún bó bá ṣe fẹ́ rún.

Ọjọ́ Ojúde Ọba pé. Mo di ìjánu mú, mò ń fẹsẹ̀ rìn nínú eruku, ojú mi sì le. A dé iwájú ọba, ìbọn dún, ẹ̀rù ba ẹṣin wa, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Ìjánu já mọ́ mi lọ́wọ́. Ràṣídá fi itan di gàárì bàbá bàbá wa mú ṣinṣin, ó fọwọ́ pa ẹṣin lọ́rùn, ó bá a sọ̀rọ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó sì mú un wálẹ̀ wẹ́rẹ́ láti kí Kábíyèsí. Ariwo ta. Mi ò mọ ìgbà tí omi jáde lójú mi. Inú mi dùn débi pé mo ń lu ẹni tí mi ò mọ̀ rí lẹ́jìká, mò ń sọ fún un pé àbúrò mi nìyẹn, ọmọ ìyá mi ni.

Ọkùnrin náà wò mí látòkè délẹ̀, ó bi mí pé kí ni èmi gan-an ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí. Mo ká agbádá mi sí èjìká, mo ní, “Èmi ni mo lọ gbé gàárì rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.” Ràṣídá gbọ́ ọ láti orí ẹṣin. Ó wò mí, mo wò ó, ẹ̀rín sì pa àwa méjèèjì débi pé ẹṣin fúnra rẹ̀ yíjú wò wá.