Bí Mopélọ́lá Ṣe Gba Ìwe Àkùkọ Lójú Ogun Wọ́ọ̀tì

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ akin Mopélọ́lá, ọmọ Ayọ̀délé awakọ̀ akẹ́rù, ọmọ-ọmọ arúgbó tó fi igi ọsàn lé agbọ́n kúrò ní Ìragbìjí, obìnrin tí ikùn rẹ̀ kì í gbàgbé, ẹ̀fúùfù tí ń ṣí ìkòkò wò láìfọwọ́ kàn án!

Ọjọ́ ọdún tuntun ni ìròyìn dé pé Bàbá kò ní lè wálé, ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ sí Kàdúná. Ìròyìn ti pẹ́ ní ọjọ́ kan. Wọ́n ti pa àkùkọ lánàá, wọ́n ti sè é, ìwe rẹ̀ sì jókòó sínú abọ́ onídérí bí adé tí kò rí orí. Ta ni kò mọ̀ pé baálé ló ń jẹ ìwe? Bí baálé kò bá sí ńkọ́?

Gbádébọ̀, àkọ́bí, yọ àyà síta: "Èmi ni ọkùnrin ilé yìí."

Mopélọ́lá, tí ó ti pé ọmọ ogún ọdún láìmọ bí ìwe ṣe ń dùn, fèsì pé: "Bùrọ̀dá, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń sá fún aláǹgbá!"

Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, ó ju páálí káàdì Wọ́ọ̀tì sórí ẹní. "Ẹ ta á. Ẹni tó bá borí ló ni ín."

Ilẹ̀ mì! Gbádébọ̀ sọ èjì sílẹ̀, ó ké "Píìkì tuu!", èyí tó túmọ̀ sí pé kí ọ̀tá ṣa káàdì méjì lé ẹrù rẹ̀, Mopélọ́lá ṣà á bí ẹni ń ṣa òkò ogun jọ. Gbádébọ̀ sọ oókan sílẹ̀, ó ké "Họ́ọ̀dì ọ́ọ̀nù!", pé kí ọ̀tá dúró gbagidi kí òun tún ta, Mopélọ́lá dúró bí àpáta tí òjò ti ń pa láti ayébáyé.

Wọ́n tà á títí, káàdì Gbádébọ̀ ku ẹyọ kan. Òfin sì ni pé ẹni tó bá ku ẹyọ kan gbọ́dọ̀ pe "Láàsì káàdì!", bí kò bá pè é, yóò ṣa méjì. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná: ọwọ́ Gbádébọ̀ ti wà lórí ìdérí abọ́, itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀, kò ráyè pe ohunkóhun.

"Ẹ ò pè é!" Mopélọ́lá fò sókè. "Ẹ ṣa méjì, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò lórí abọ́!"

"Ṣé èmi ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń kígbe mọ́?"

"Ṣà á jàre," ni Ìyá wí.

Ìgbà náà ni ẹkùn jáde nínú igbó! Mopélọ́lá yọ ogún, Wọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, káàdì tó ń jẹ́ kí èèyàn béèrè irú àmì tó bá wù ú. Ó béèrè róbótó. Gbádébọ̀ kò ní, ó lọ sọ́jà, ìyẹn ni pé ó mú káàdì kan sí i. Mopélọ́lá sọ mẹ́rìnlá róbótó lu ilẹ̀: "Jẹ́nẹ́rà máákẹ́ẹ̀tì! Láàsì káàdì!" Ọjà tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ná nìyẹn, àfi ẹni tó pè é. Gbádébọ̀ tún ná an. Eéje róbótó tẹ̀ lé e bí ààrá. "Ṣẹ́ẹ̀kì ọ́ọ̀pù!" Ọwọ́ akọni ṣófo, ogun parí!

Kí gbogbo àkùkọ gbọ́ ọ láti Ìragbìjí títí dé Ìkìrun: láti òní lọ, ìwe kì í ṣe ti onírùngbọ̀n nìkan mọ́!

"Àbúrò mi àtàtà," ni Gbádébọ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "jẹ́ ká pín in sí méjì."

Mopélọ́lá ṣí abọ́, ó wo ìwe, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, mi ò pín in. Èmi nìkan ni mo máa jẹ ẹ́."