Intafíù Tí Mo Yege ní Yaba

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi: Sátidé tí èmi àti ìyá mi múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó, tí a gba Yaba lọ, tí mo sì yege intafíù tí n kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé, torí ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó là ń gbé. Tíṣà ni ìyá mi, bàbá mi sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé dókítà ni mo fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀hún ò dán. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni yunifásítì kan fún mi. Mo kọ̀ ọ́, mo sunkún, mo tún ìdánwò ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gba fọ́ọ̀mù yunifásítì mẹ́ta, mo ṣe ìdánwò wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wá ku kí ọ̀kan nínú wọn pè mí fún intafíù. Bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Tí wọn ò bá pè ẹ́ lọ́dún yìí, ẹ̀kọ́ ẹranko yẹn lo máa lọ kọ́. Àwọn ẹranko náà ń ṣàìsàn."

Ẹni tó bá ti retí irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé fóònù lè sọ ènìyàn di ẹrú. Mo ń gbé tèmi wọ balùwẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, inú ìwé orin ni mo ń fi í pamọ́ sí, kí àlùfáà má bàa rí i. Tí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ bá sì pè, màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná kí n tó gbé e. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Wọn ò rí ẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa gbọ́ ìkúnlẹ̀ yẹn nínú ohùn ẹ." Báyìí ni mo ṣe kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ tó fẹ́ ta orin fún mi. Mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń wá Ìyá Ríṣí, mo sì pè é ní sà títí ó fi bá mi tọrọ àforíjì.

Ìyá mi ní tirẹ̀ ti fi ìgbàgbọ́ gba ohun tí ojú kò tíì rí. Ó ti ń pè mí ní Dókítà. "Dókítà, wá gbálẹ̀." "Dókítà, ṣé o ti fọ ìkòkò yẹn?" Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alájọgbé wa kan tiẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ wá bá mi. Mo ní kó máa fún un lómi mu. Ara ọmọ náà yá, ìyẹn ló sì wá ba gbogbo nǹkan jẹ́, torí láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé n kì í ṣe dókítà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Ó ní wọ́n ti yàn mí fún intafíù ní ẹ̀ka ìlera, kí n wá sí Yaba ní Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀, kí n wọṣọ tó bójú mu, kí n sì béèrè Ọ̀gá Sunny. Igbe tí mo ké, ẹ̀wà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí gbogbo rẹ̀ ló fọ́n sílẹ̀. Ìyá mi ń jó lórí ẹ̀wà. Bàbá mi wọ awò ojú rẹ̀, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó tún un kà.

"Yunifásítì wo lèyí?"

"Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, Dádì."

"Yunifásítì wo ni ò mọ orúkọ ara ẹ̀? Ta ni Sunny?"

Ìyá mi dáwọ́ ijó dúró. "Bàbá Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbéèrè lé ire wa lọ."

Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo wọ kóòtù dúdú tí mo yá lọ́wọ́ àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. Apá rẹ̀ bo ìka mi. Ìyá mi dé àkẹtẹ̀ tó máa ń dé fún ìkórè. Nígbà tí a dé Yaba, mo ń wá géètì yunifásítì, òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta bàtà nísàlẹ̀ la bá ara wa. Ìyá mi ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n yá ibẹ̀ lò ni, nítorí èrò. Ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ní kí a pa fóònù wa.

Ìyá mi rọra sọ sí mi létí pé, "Ṣó o rí i? Ibi tí wọ́n bá ti ń pa fóònù, nǹkan gidi ni."

Iwájú pátápátá la jókòó sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ẹ̀gbọ́n kan wà, ó wọ kóòtù tó ti há mọ́ ọn, àpá iná sì kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ní wẹ́dà lòun ní Pápá Àjàó. Mo wò ó, àánú sì ṣe mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rù rárá. Kò sóhun tó kan ẹ̀kọ́ kan ọjọ́ orí." Ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Àmín o."

Ọ̀gá Sunny wọlé pẹ̀lú táì pupa. Ó pariwo, "Ẹ̀yin winners, ẹ káàárọ̀ o!" Ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún ara wa, ká tún pa á, ká tún pa á sí i. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bóyá wọ́n fẹ́ wo bí ọwọ́ wa ṣe lágbára tó fún iṣẹ́ abẹ ni. Ó béèrè ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ta ni orúnkún ń dùn. Ìyá mi nawọ́ sókè: "Èmi, sà. T'ọ̀tún." Mo fi ìgúnpá gún un, torí òun kọ́ ni wọ́n pè.

Ọ̀gá Sunny wá ní, "Ta ló lè dìde sọ fún wa, kí ló dé tó fi fẹ́ kí ara àwọn èèyàn le?"

Ìbéèrè tí mo ti ń dáhùn níwájú dígí láti ọ̀pọ̀ oṣù rèé! Kó tó parí rẹ̀, mo ti dìde. Mo sọ ti ìyá ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó rìn lọ sílé ìwòsàn tó sì rìn padà, torí kò sí dókítà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe fún un. Nígbà tí mo parí, ariwo sọ ní gbogbo gbọ̀ngàn. Ọ̀gá Sunny fi táì nu ojú. Ó ní, "Sister, leader ni ẹ́!" Ó fi bàájì kan há mi láyà. Ìyá mi gbé orin ọpẹ́, gbogbo ilé gbà á, wẹ́dà náà ló ń ki ohùn ìsàlẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé mo ní láti di àga mú.

Lẹ́yìn orin ni wọ́n gbé páálí jáde: tíì, ọṣẹ ìfọyín, ọṣẹ ìwẹ̀. Ìyá mi ní, "Wò ó, wọ́n ti ń pín ẹrù ilé ìwé." Mo nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ọdún mẹ́fà gbáko la máa lò?"

Ọ̀gá Sunny bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́fà kẹ̀? Leader, láàárín oṣù mẹ́ta o ti ń wa mọ́tò!"

Ìyá mi dìde tàkẹtẹ̀ tàkẹtẹ̀. "Oṣù mẹ́ta lẹ fi ń sọ èèyàn di dókítà?"

Wẹ́dà yẹn ló rọra sọ sí mi létí pé: "Àbúrò, dókítà kẹ̀? Tíì ni wọ́n fẹ́ ká máa tà. Èmi náà, ilé iṣẹ́ tó ń wá wẹ́dà ni mo rò pé ó pè mí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa wá síbí."

Ká dìde ká máa lọ ló kù, bẹ́ẹ̀ ìlà iwájú la wà, àwọn tó wà lẹ́yìn sì rò pé mo ti fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ títà ni. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ìyá mi. Ó ti dúró síbi páálí, ó ń ra tíì orúnkún. Ó ní, "Kò sóhun tó burú ká kàn dán an wò."

Nísàlẹ̀, mo tan fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ ti ń pè mí léraléra. Mo pè é padà, kò wọlé. Mo tún un pè, kò wọlé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín àwọn bàtà títà, mo sì sunkún bí ọmọdé. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa ìpè tí mo ti ń kúnlẹ̀ dè láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá mi bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó jókòó tì mí. Ní gbogbo ọ̀nà ilé, ẹranko ni mo ń rò: ewúrẹ́, ọ̀bọ, ìjàpá.

Bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Yunifásítì pè," ló wí. "Wọn ò rí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n bá pe nọ́ńbà tèmi tó o kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èyí mọ orúkọ ara ẹ̀."

"Kí lẹ sọ fún wọn, Dádì?"

"Wọ́n ní ibo lo wà. Mo ní o wà níbi intafíù."

"Dádì!"

"Ṣé irọ́ ni? Obìnrin tó pè ní ta ló ń ṣe é fún ẹ. Mo ní èmi náà ti béèrè títí, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ó ní kó o wá bá àwọn lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. "Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó gbé e. Ìyá ẹ ló ní wọ́n máa ń gbọ́ ọ nínú ohùn."

Ìgbà tó yí padà ni mo rí eruku láyà síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú mi. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "A gbọ́ pé àwọn kan ti ṣe intafíù fún ẹ ní Sátidé. Ṣé wọ́n gbà ẹ́?"

Gbogbo ìdáhùn tí mo kọ́ níwájú dígí fò lọ. Mo ní, "Wọ́n gbà mí, mà. Wọ́n fi mí ṣe leader." Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, láti orí ẹ̀wà dé orí tíì. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Ìyá àgbà náà ò rẹ́rìn-ín.

"Tí aláìsàn bá wá gbé irú tíì yẹn bá ẹ, kí lo máa sọ fún un?"

Mo rántí wẹ́dà tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Mo rántí orúnkún ìyá mi àti eruku àyà bàbá mi.

"Mi ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mà. Ẹni tó bá ti retí nǹkan pẹ́, tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, kì í béèrè ta ni kó tó ṣí i. Èmi náà ò béèrè. Màá kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí n máa lọ.

Mo ti ń lo ọdún kẹta mi níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: kí n mọ orúkọ ẹni tó pè mí kí n tó fọ́n ẹ̀wà ká, kí n sì máa fetí sí bàbá mi tó bá wọ awò ojú. Bàájì leader yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí ìwé bá ti fẹ́ dá mi lágara, mo máa ń wò ó, màá sì fi ara mi rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nílé nígbà tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ náà tún wọlé: intafíù, ẹ̀ka ìlera, Yaba. Mo kà á sókè ká lè jọ fi ṣẹ̀rín. Mo fẹ́ pa á rẹ́ nìyẹn tí ìyá mi sáré jáde láti yàrá, ó ń tiro.

"Dókítà, má tíì pa á rẹ́ o! Bá mi béèrè bóyá Sunny ṣì wà níbẹ̀. Tíì mi ti tán."