Bí Mo Ṣe Ru Iṣu Lọ Wádìí Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi wọ ilẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sọ èmi tí mo lọ bèèrè ọ̀rọ̀ ilé-ìwé di ìyá ìyàwó. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń kọ ọ́, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìyá rẹ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, má sì tìtorí ẹ̀ fo ibi tó dùn.

Nígbà yẹn, ìwé ti gbòde kan. Kò sí ọmọ tó parí ìwé mẹ́wàá tí kò fẹ́ tẹ̀síwájú. Fúnmi, ìyá rẹ, ti yege, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan sì ti gbà á. Wọ́n ní bí kò bá yọjú lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n máa wọlé, àwọn á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Baba rẹ̀ ti kú. Ó ku èmi nìkan, èmi àti kòkó tí mo ń sá sórí àpáta l'Átòsìn, ní Ìdànrè níbí. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní ojú kan tí kì í gbà kí n rí ìkòkò tí wọ́n dé kí n má ṣí i wò.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ódòde. Kóòtù dúdú ló wọ̀ nínú ooru yẹn, ó ní Púrínsípà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òun. Aládùúrà ni wá, a kì í wọ bàtà wọlé Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ti lu níwájú. Ó gbé fọ́tò ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sókè. Ó ní iná mànàmáná ń tàn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, omi ẹ̀rọ ń tú yaa, àwọn tíṣà tó ti ìlú òyìnbó dé ló ń kọ́ni, ọdún kan péré sì ni, ìjọba á máa jà du ọmọ tó bá jáde níbẹ̀. Gbogbo ìjọ ń ké "Halelúyà!" Èmi ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọjú síta tí òun náà ń wò wá. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ga tó báyìí, kò sí ẹni tó lè bá Púrínsípà rán ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀?

Bí a ṣe délé, Fúnmi ní, "Màámi, mi ò lọ sí ti àwọn olùkọ́ mọ́. Ta ló fẹ́ di tíṣà? Ti Púrínsípà ni mò ń lọ."

"O ti rí ibẹ̀?"

"Ẹ ò rí fọ́tò ni?"

Ṣé o mọ̀ pé ní Ìdànrè níbí, a kì í fi ọmọ fún ilé tí a ò wádìí. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni, àgbà kan á dìde lọ sí ìlú ọkọ, á jókòó ti àwọn aládùúgbò, á bèèrè bóyá wèrè wà nílé yẹn, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá obìnrin ń gbádùn níbẹ̀. Mo wá rò ó pé ilé tí ọmọ mi yóò máa jẹ tí yóò máa sùn, kí ló fi yàtọ̀ sí ilé ọkọ? Ọ̀nà ìwádìí kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn, òun náà ni mo sì lò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo purọ́ fún Fúnmi pé oko ni mò ń lọ. Mo wọ aṣọ òkè mi tó dára jù, nítorí ẹni tó bá múra bí alágbe, ìdáhùn alágbe ni wọ́n máa fún un. Mo di iṣu sínú agbọ̀n, torí a kì í fi ọwọ́ lásán bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀. Mo wọkọ̀ dé Àkúrẹ́, mo tún wọ òmíràn lọ sí ìlú tí Púrínsípà dárúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ọkọ̀ kejì yìí, wọ́n fi èmi àti ewúrẹ́ kan sórí ìjókòó kan náà. Mo sùn lọ. Ìgbà tí mo jí, ewúrẹ́ ti jẹ etí gèlè mi, ó ń jẹnu bọ̀ọ̀lọ̀ bọ̀ọ̀lọ̀, ó ń wò mí bí ìgbà tí èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo bèèrè kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo ní "Púrínsípà oníkóòtù" ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà kan. Ní tòsí ilé náà, mo bá onídìrí kan lábẹ́ igi máńgòrò. Obìnrin kan jókòó síwájú rẹ̀ lórí ẹní, ó dorí kodò, wọ́n ń dirun fún un.

"Ojú gbooro o, onídìrí!"

"Òòyà á yà o, Ìyá. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ìdànrè ni o." Mo gbé iṣu kan sílẹ̀ fún un. "Ọ̀rọ̀ ilé Púrínsípà yìí ni mo wá bèèrè. Ọmọ mi obìnrin ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wèrè kò sí nílé yẹn?"

Ọwọ́ onídìrí dúró. "Wèrè kò sí."

"Ṣé wọ́n ń jẹun yó níbẹ̀?"

"Ẹni tó bá sè á jẹ."

"Ọmọ mi ń tijú púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé á rí yàrá tirẹ̀ gbé?"

Obìnrin orí ẹní gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Apá kan irun rẹ̀ ti dì tán, apá kejì dúró bí igbó tí wọn ò tíì ṣán.

"Ẹ ní ta ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ ta?"

"Ọmọ mi, lọ́dọ̀ Púrínsípà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọdún kan péré ló máa lò."

"Ọdún kan!" Ó fò dìde. "Níwájú Ọlọ́run, nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Èmi tí mo bá a mọ ilé yìí, tí mo ń pọn omi amọ̀! Ẹ̀yin ará Ìdànrè, níbi gbogbo láyé, ọkọ ló ń ru iṣu lọ sílé ìyàwó. Tiyín wá le débi pé ìyá ìyàwó ló ń ru iṣu wá bẹ ọkọ?"

Ìyàwó Púrínsípà ni! Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà mí, èdè Ìdànrè paraku ni ẹnu mi ń sá lọ bá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ níbẹ̀. Ló bá gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Ẹ wá! Ẹ wá wo ààfin tí ọmọ yín máa gbé!"

Kí n má purọ́, mo lè já ara mi gbà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí i.

Yàrá gígùn kan ni, bẹ́ǹṣì ló wà níbẹ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ta. Adìẹ kan sàba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

"Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńkọ́?" Èdè mi ti padà bọ̀.

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo? Èyí tó lọ dúró síwájú rẹ̀ n'Íbàdàn tó ya fọ́tò?"

"Iná tó ń tàn tọ̀sán-tòru?"

"Fìtílà nìyẹn, bí epo bá wà."

"Àwọn tíṣà tó ti ìlú òyìnbó dé?"

"Òun nìkan ni tíṣà! Kùtọnu ló lọ, ìyá rẹ̀ ló sì lọ kí níbẹ̀!"

Bí mo ṣe ń bèèrè ló ń fèsì, ó rò pé òun ń lé ìyá ìyàwó sá. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń dá ìbéèrè lóhùn dáadáa bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni Púrínsípà wọlé dé, tòun ti kóòtù. Ó rí mi, ó rántí ojú mi láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ya ẹnu ẹ̀rín. "Ẹ káàbọ̀, Màmá Ìdànrè! Mo mọ̀ pé ẹ máa fọwọ́ sí i. Ọmọ yín ti di tiwa!"

Ìyàwó rẹ̀ fa iṣu yọ nínú agbọ̀n mi. Púrínsípà ò bèèrè ohunkóhun, ó sá. Wọ́n yí ilé náà po, iṣu ń lé kóòtù, èmi ń lé iṣu, adìẹ ń lé gbogbo wa. Ìṣó ẹnu ọ̀nà fa kóòtù ya títí dé ẹ̀yìn. Mo wá figbe ta: "Ẹ̀kọ́ ni! Ẹ̀kọ́ ni ọmọ mi ń bọ̀ wá kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì! Kò fẹ́ ọkọ!"

Gbogbo wọn dúró. Onídìrí tó ti tẹ̀lé wa wá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fìdí jókòó. Ìyàwó Púrínsípà wo iṣu ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. "Wọ́n ní kí lo pe ibí yìí fún wọn? Kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

Ọkùnrin náà ò lè wojú ẹnikẹ́ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, ojú mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò kàn án. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an?"

"Ìwé títẹ̀ ni, Màmá, táìpù."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí n wò."

Ó jókòó. Ọmọ, ìka rẹ̀ ń rọ̀ bí òjò orí páànù, kò sì wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan! Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn ọmọbìnrin kan ti kọ́ ọ tán níbẹ̀, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Mo ní, "Iṣẹ́ gidi rèé. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Màmá, bí mo bá ní yàrá kan àti ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ní, ta ló máa wò mí?"

"Èmi. Ọmọ tí fọ́tò bá gbé wá, ẹ̀gàn ló máa gbé lọ sílé."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo délé. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún Fúnmi, ó sì sunkún bí ọmọ ọwọ́. "Ẹ lọ dójú tì mí! Ẹ ò mọ̀wé, báwo lẹ ṣe máa mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì?" Ó dùn mí. Mo ní, "Mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo mọ fìtílà yàtọ̀ sí iná mànàmáná." Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé àpótí rẹ̀, ó ń wú fùkẹ̀, a jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́.

Obìnrin àgbà tó ń bójú tó ilé ìbùsùn ló pàdé wa ní géètì. Mo ní kó má fi ọ̀kankan pa mọ́ fún wa. Ó ní, "Odò la ti ń pọnmi. Ẹni méjì ló ń sun bẹ́ẹ̀dì kan. Òrùlé ilé ìyàgbẹ́ ń jò, bí òjò bá ń rọ̀, ẹ mú agbòòrùn dání. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró, wàá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ."

Mo rí Fúnmi bó ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Ó wọlé lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Bó bá ní òun ò ṣe, ọdún yẹn lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ilé-ìwé tó bá lè sọ àléébù ara rẹ̀ fún ọ kí o tó wọlé, o lè fọkàn tán ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó bá wá, kí wọ́n má baà gbé ọmọ rẹ̀ fọ́kọ kó tó padà délé.

Fúnmi jáde, ó fa ojú ro. "Màámi, ó burú gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ẹ̀rín pa mí, mo di géètì mú kí n má baà ṣubú. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bínú, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu òun náà. Ó gbé àpótí rẹ̀ sórí, ó wọlé.