Nọ́ńbà Iwájú Fìlà Ọláwuyì

Bí ẹ bá dé Ikosi lọ́dún 2006, tí ẹ kò mọ ilé Elkanah Ọláwuyì, ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ sáà máa tẹ̀ lé. Mi ò sọ nọ́ńbà fóònù o. Èyí tí àwọn tó ń pín àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì fún Áfíríkà fún un ni mò ń wí, ẹyọ márùn-ún péré, tó fi hàn pé ẹni tó ni ín ti dá dúró láàrin àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá wa kùn ún sára géètì, ó kùn ún sára ilẹ̀kùn Pàjẹ́rò rẹ̀, ó sì ní kí télọ̀ fi òwú wúrà rán an síwájú fìlà òun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ní kí àlejò dìde sọ orúkọ, òun tí kì í ṣe àlejò á dìde, á sọ nọ́ńbà.

Ọláwuyì Ọba Wáyà! Ààrẹ Ọ̀nà-Gbogbo-Gba-Ọ̀dọ̀-Mi! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń ki ara rẹ̀ báyẹn, nítorí kò tíì sẹ́ni tó ráyè bá a kì í. Káfè mẹ́ta péré ló ń ra íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Kosofe.

Mẹ́ta yìí ló ń dùn ún wọra. Káfè mọ́kànlá mìíràn wà láti Ketu dé Mile 12 tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀gá wa sì ń fẹ́ gbogbo wọn. Ó pè wọ́n sí ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé láàárọ̀, ó ní wọn á fojú ara wọn rí i pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà gbogbo wọn ń gbà. Bí wọ́n bá ti rí i, wọn á fọwọ́ síwèé, wọn á kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà fún wọn, wọn á sì fi òun ṣe alága ẹgbẹ́ oníkáfè. Ìwé ti wà lórí tábìlì. Alága ti rán aṣọ tó máa fi jókòó.

Ọgbọ́n wo ló fẹ́ dá? Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ogudu tó ń gba ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ sọ́dọ̀, tó sì ń so wọ́n mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ayé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ Ọláwuyì wà. Lóṣù tó kọjá, ó lọ ní kí wọ́n ṣe BGP fún òun. Helen, ẹnjiníà ibẹ̀, ṣàlàyé fún un pé kò ju kí aládùúgbò sọ fún aládùúgbò lọ: ẹ̀rọ Ọláwuyì á kéde fún tiwọn pé àdírẹ́sì báyìí báyìí wà lọ́dọ̀ òun, kí ẹrù wọn máa gba ọ̀dọ̀ òun wá. Tiwọn á gbà á gbọ́, á sọ fún òmíràn, títí gbogbo ayé á fi gbọ́.

Ojú ọ̀gá wa tàn.

"Tí mo bá wá sọ pé nǹkan jẹ́ tèmi, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Òótọ́ la fi ń bá ara wa lò, sà," Helen dáhùn. "Ọ̀wọ́ àdírẹ́sì mẹ́rin lẹ ní. Mẹ́rin yẹn náà ni kí ẹ kéde."

Mẹ́rin! Ó gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n bu ọbẹ̀ fún láìsí ẹran.

Nígbà tó délé, àyà rẹ̀ já. Ohun tí òun rò yìí, ẹlòmíràn náà lè rò ó, kó sì kéde tòun. Ló bá kọ lẹ́tà gígùn sí Ogudu. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá kéde ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ẹ̀rọ já a lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dá a padà títí oṣù kan á fi pé, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà kí ayé lè mọ olè lólè. Bí wọn kò bá gbà, òun á kó ẹ̀rọ òun jáde. Wọ́n gbà, wọ́n tún kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi férémù sí ìwé ọpẹ́ náà. Pé òfin yẹn lè ká òun náà mọ́ kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Olè ló ṣe é fún, òun sì rèé, ọ̀gá ni.

Sátidé pé, àwọn oníkáfè dé. Alhaji Fàsásì, tó ti fi ogún ọdún gba tòmátò tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ ní Mile 12 kó tó ṣí káfè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, jókòó níwájú. Màríyámọ̀, oníkáfè Ketu, jókòó tì í. Ọláwuyì sọ̀rọ̀ títí míńírà fi tán nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀wọ́ mẹ́tàlélógójì ló kéde: tàwọn oníkáfè, tàwọn tó ń tà fún wọn, àti ti báńkì kan tó kàn rí nínú ìwé.

"Ẹ wò ó," ó nawọ́ sí ògiri tí ẹ̀rọ ń tan àwòrán sí. "Gbogbo Kosofe ti di tèmi."

Ògiri funfun báláú. Káfè mẹ́ta tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lọ́tùn-ún lósì. Ó ní àwọn ọmọdé Ogudu ló bà á jẹ́. Ó pe Helen, ó tẹ sípíkà fóònù kí gbogbo ilé lè gbọ́ bí òun ṣe máa bá ọmọ náà wí.

"Helen, ta ló ní kí ẹ já mi?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mẹ́rin lẹ ní, mẹ́tàlélógójì lẹ kéde, ẹ̀rọ wá já yín fúnra rẹ̀. Lẹ́tà yín ló wà níwájú mi yìí."

Ó sì kà á látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó ka oṣù kan, ó ka ti olè. Ọláwuyì ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa sípíkà. Kò rí i.

Fàsásì kò mọ BGP, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà. Ó tẹ ara síwájú sí fóònù náà.

"Ọmọ mi, ṣé ó dúró sẹ́bàá títì ni, tó ń sọ fún dírẹ́bà pé òun ló ni ọkọ̀ tòmátò tí wọ́n kó bọ̀ wá fún èmi?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

Fàsásì dìde. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá já ẹrù ẹlẹ́rù sí ìsọ̀ ara rẹ̀ kò ní rí àyè pàtẹ mọ́, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó mú ìwé orí tábìlì, ó fà á ya sí méjì, ó sì fi í bo ìgò míńírà tó ṣófo. Àwọn tó kù ń wá bàtà wọn.

"Sà," ohùn Helen ṣì ń jáde, "ìkéde sí àwọn oníbàárà ti wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nọ́ńbà yín, kí n má baà lọ fi ti ẹni ẹlẹ́ni sí i."

Màríyámọ̀ ló wo iwájú fìlà Ọláwuyì, tó bá a kà á sókè, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé márùn-ún.