Àbẹ́là Inú Ife Màmá

Aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán ti kọjá dáadáa. Ẹ̀gbọ́n dojú ife kan dé lórí tábìlì ilé ìdáná, ó ń fi ṣíbí gbá a nídìí bí ẹni ń gbá ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun lẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ti gbà pé kò mọ nǹkan kan, jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó. Ife yìí, Màmá nìkan ló ń fi í mu tíì. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti fi ta wọ́n lọ́rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, aago mẹ́rin géérégé ni wọ́n sì máa ń bèèrè rẹ̀.

"Àǹtí, ó há ni?"

"Kò há. Ó ń sinmi. Àbẹ́là ọ̀ṣọ́ kì í jáde wàràwàrà. Fídíò mẹ́tàdínlógún ni mo wò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ, mélòó lo wò?"

"Mi ò wo ìkankan."

"Ṣé o rí i."

Àbúrò rí i lóòótọ́: àbẹ́là náà kò mira.

"Àǹtí, àbẹ́là ilé wa dà? Páálí méjì ló kù."

"Òun ni mo yọ́. Ó kàn wà ní funfun báyẹn bí ẹni tí kò lẹ́bí. Mo da lọ́fíńdà sí i, mo rẹ́ kíréyọ̀n rẹ sí i, ó wá mú àwọ̀ tíì tó ní mílíìkì."

"Kíréyọ̀n tèmi?"

"Ilé iṣẹ́ wa ni. Mo ti kọ ọ́ sórí fóònù láti àárọ̀: èmi ni Olùdásílẹ̀ àti Ọ̀gá Àgbà, ìwọ ni Alábòójútó Àwọ̀. Ó yẹ kí o dúpẹ́."

"Mo dúpẹ́, Àǹtí. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ ò lo ife mìíràn?"

"Fídíò ní kí a lo ife tó bá rẹwà jù nínú ilé."

"Ṣé fídíò yẹn mọ Màmá ni?"

Ṣíbí dúró. Ẹ̀gbọ́n wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tàn án. Tó bá jó, á yọ́, a ó dà á nù, a ó fọ ife."

"Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mo kàn fẹ́ kó ti ẹnu rẹ jáde ni."

Ó dá ife dúró, ó ṣá ìṣáná, ó nà án sí àárín àbẹ́là. Iná wá ibi tí yóò dì mú títí, kò rí. Ìṣáná jó dé ìka rẹ̀. Ó ṣá òmíràn.

"Àǹtí, òwú rẹ̀ dà?"

"Òwú wo?"

"Èyí tó máa ń wà láàárín àbẹ́là, tí iná ń jó."

Ẹ̀gbọ́n gbé ìṣáná sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Nígbà tí mo yọ́ wọn, mo rí àwọn okùn kan tó léfòó. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi asẹ́ sẹ́ wọn kúrò."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Mi ò kí ń ṣe iṣẹ́ wúruwùru."

Àbúrò dìde láti gbé omi kaná, bóyá omi gbígbóná á tú u. Kò tíì dé ìdí ìkòkò tí ilẹ̀kùn ìta fi ṣí, tí ohùn Màmá sì ti pálọ̀ wá: "Ẹ bá mi gbé tíì mi wá o, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi láti àárọ̀, sáré gbé ife. Ó ti ife náà sí àbúrò rẹ̀ láyà.

"Wá nǹkan sọ fún wọn. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwọ ni Ọ̀gá Àgbà."

Àbúrò gbé ife sórí àwo rẹ̀, ó fi ṣíbí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra gbé e dé pálọ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Màmá. Tíì yín rèé. Àǹtí fọwọ́ ara wọn ṣe é láti àárọ̀, wọ́n tiẹ̀ sẹ́ ẹ. Àmọ́ eyín lẹ máa fi mu ún."