Bí Orílẹ̀-èdè Mẹ́rin Ṣe Fẹ́ Yọ Fàwáz Nínú Omi

Yanrìn ti wọ Fàwáz létí, ó ti wọ̀ ọ́ nímú, àmọ́ wọ́n ní kó má mira.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹni tí omi gbé kì í họra!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákánjú ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ létí ọ̀sà ní Ajara. Àwọn olùwádìí láti Nàìjíríà, Kútọnú, Tógò àti Gánà ti kóra jọ síbẹ̀. Wọ́n ní ewu tó wà lóde báyìí kì í ṣe ti ìbọn nìkan mọ́. Omíyalé wà níbẹ̀, àrùn wà níbẹ̀, kí orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pawọ́ pọ̀ wádìí rẹ̀. Wọ́n wá fẹ́ fi èèyàn dánra wò: bí omi bá gbé ẹnì kan kọjá bọ́dà, báwo ni wọ́n ṣe máa yọ ọ́?

Fàwáz ò ní kí ẹnikẹ́ni yọ òun o. Imeke ló ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, nínú jàlàbíà funfun báláú. Alhaji Sùlàímọ́nù, bàbá Tọ̀yìbátù àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti rí i ni.

"Kó dé kí n tó kírun Ásárì," Alhaji ti sọ ọ́. "Bó bá pẹ́, kó má wá mọ́ láéláé."

Mákánjú ló dá a dúró lọ́nà. "Bá wa dùbúlẹ̀ díẹ̀. Jíìpù wa ló máa gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà wọn."

Jíìpù! Fàwáz rí ara rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù níwájú àna.

Gbì! Ó ti dùbúlẹ̀.

Wọ́n fi igi fa ìlà sórí yanrìn, wọ́n ní bọ́dà nìyẹn. Ìlà náà gba ìbàdí Fàwáz kọjá.

"Ọ̀dọ̀ wa ni orí rẹ̀ wà," Dókítà Daniel, ará Kútọnú, sọ. "Àwa la máa yọ ọ́."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?" ni Mákánjú dáhùn. "Nàìjíríà lẹsẹ̀ wà!"

"Ẹ yọ ẹsẹ̀ yín nígbà náà!"

Ará Tógò ní kí wọ́n kọ́kọ́ yan ìgbìmọ̀. Ará Gánà ní ìgbìmọ̀ kì í fi ebi jókòó.

Wọ́n lọ jẹun.

Ẹ̀rín ń pa mí! Wọ́n fi ẹni tó ń rì sílẹ̀, wọ́n lọ jẹ ìrẹsì.

Akàn kan yọ nínú ihò. Ó wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ Fàwáz. Gbàù!

"Yéè!"

"Má mira!" Mákánjú ké láti ìdí abọ́, itan adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bó o bá dìde, a máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni o!"

Fóònù dún. Tọ̀yìbátù ni.

"Fàwáz, ibo lo wà? Bàbá ti ń ṣàlùwàlá!"

"Ajara ni. Mò ń rì lọ́wọ́."

"O ń kí ni?"

"Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó máa yọ mí."

"Rì sọ́hùn-ún!" Ó gé fóònù, pàà!

Nígbà tí Alhaji gbọ́, ó gun ọ̀kadà. "Irọ́ wo nìyẹn? N ó fojú ara mi rí i."

Kó tó dé, ìgbìmọ̀ ti yó, wọ́n sì ti dìbò. Wọ́n ní bí ẹni tó ń rì bá fi pẹ́ tó báyìí, ó ti kú nìyẹn. Wọ́n fi bánà ìpàdé bò ó lórí bò ó lẹ́sẹ̀. ÌFỌWỌ́SOWỌ́PỌ̀, gàdàgbà, lórí àyà rẹ̀.

"Ìnnálílláì!" Alhaji pariwo. "Ta ló kú?"

"Ẹni tí omi gbé ni," Mákánjú fa ojú ro. "Ẹni tó ni ín la ń wá."

Alhaji ṣí bánà. Fàwáz ló bá lábẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ni ín! Àna mi ni! Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti fún un ní Tọ̀yìbátù!"

Wúyẹ́! Fàwáz ti dìde. "Mo dúpẹ́ sà! Gbogbo yín ẹ gbọ́ o!"

Fìlà Alhaji lọ́tọ̀, bàtà lọ́tọ̀. Inú ọ̀sà ló ti dúró, omi mù ún dé orúnkún.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi jáde. Wọ́n ṣàlàyé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Àmọ́ inú bí Mákánjú. "Ọ̀gbẹ́ni, kí ló dé tó o dìde? A ti fọwọ́ sí ìwé ikú rẹ, a ti lu òǹtẹ̀!"

Alhaji yíjú sí i. "Orílẹ̀-èdè mélòó ló fọwọ́ sí i?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Pé ó kú?"

"Pátápátá."

Alhaji gbọn yanrìn kúrò lára fìlà rẹ̀, ó rọra dé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀dà kan. N ò lè fọmọ mi fún òkú."